Ta ló ń darí ọkọ̀ ńlá wọ èbúté? Àlàyé lórí iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ojú omi

Nígbà tí fídíò ọkọ̀ ojú omi Dali, èyí tó wó afárá Francis Scott Key nílùú Baltimore lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dé orí fóònù wa ní March 2024, ìbéèrè kan náà ni mo gbọ́ káàkiri Òṣogbo, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ Òkè-Fìà, lẹ́nu àwọn àgbà tó jókòó ti ọpọ́n ayò: "Ṣé ẹni tó ń wà á sùn ni?" Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ béèrè, wọ́n ti dájọ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá kọlu nǹkan ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń padà wá, tí a ó sì máa fi ẹ̀bi lé ẹnì kan lórí kí a tó mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìwádìí ọ̀rọ̀ Dali ti jáde báyìí, ó sì yẹ ká fetí sí i. Ní November 2025, NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀, ṣàlàyé pé wáyà kan ṣoṣo tó tú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà. Rọ́bà kékeré tí wọ́n kọ àmì wáyà náà sí ni wọ́n fà sún mọ́ orí rẹ̀ jù, kò sì jẹ́ kí orí wáyà wọlé tán síbi tó yẹ kó ti di mú. Nígbà tó yọ, iná ọkọ̀ kú. Ọkọ̀ tó gùn tó nǹkan bíi 300 mítà, tó di kọ̀ńténà rẹpẹtẹ, wá ń lọ lójú omi lóru láìsí ẹ́ńjìnì, láìsí ìtọ́kọ̀ (irin pẹlẹbẹ ìdí ọkọ̀ tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì) tó gbọ́ràn, afárá sì wà níwájú rẹ̀.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ló wà láàárín ìgbà tí iná kọ́kọ́ kú àti ìgbà tí ọkọ̀ kan òpó afárá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, páílọ́ọ̀tì tó wà nínú ọkọ̀, ìyẹn ẹni tó mọ omi èbúté náà dáadáa tó ń tọ́ ọkọ̀ ńlá wọlé tó sì ń tọ́ ọ jáde, ní kí wọ́n yí ìtọ́kọ̀ sí òsì pátápátá, ó ní kí wọ́n ju ìdákọ̀ró sómi, ó ké sí tọ́ọ̀gì, àwọn ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa ọkọ̀ ńlá tó sì ń tì í, kí wọ́n padà wá, ó sì ránṣẹ́ kí ọlọ́pàá dí afárá. Ọlọ́pàá dí i lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń bọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mẹ́jọ tó wà nídìí àtúnṣe títì ṣì wà lórí afárá nígbà tó wó. Mẹ́fà nínú wọn kú. Ikú mẹ́fà kì í ṣe nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n NTSB fúnra rẹ̀ sọ pé bí kò bá sí ìpè yẹn, ẹ̀mí tí ì bá lọ ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá rò pé páílọ́ọ̀tì sùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni kó lọ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá níbí ju bí a ṣe rò lọ. Òṣogbo kò ní òkun, ṣùgbọ́n Titus tí à ń sè, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì tí à ń rà ní Ọlá-Ìyá, ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń já sílẹ̀ lẹ́bàá títì Gbọ̀ngán, ọwọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì èbúté ló gbà wọlé kó tó di ti ajẹ́ńtì àti Kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ọkọ̀ kan bá há sẹ́nu ọ̀nà Èkó lọ́sẹ̀ yìí, a ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ẹlẹ́ja.

Ẹni tó gun ọkọ̀ lẹ́nu èbúté

Páílọ́ọ̀tì èbúté kò bá ọkọ̀ náà ti Ṣáínà bọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ ló ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ gbé e la òkun já. Tí wọ́n bá dé ẹnu Èkó, wọ́n á dúró sójú òkun, wọ́n á fi rédíò pe èbúté. Bó bá kàn wọ́n, ọkọ̀ kékeré kan á sáré jáde wá pàdé wọn. Ẹnì kan á di àkàsọ̀ okùn mú, á gùn ún láti inú ọkọ̀ kékeré dé orí ọkọ̀ ńlá, á lọ sókè pátápátá sí yàrá ìdarí, á kí ọ̀gá ọkọ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ yẹ ìwé wò. Báwo ni ọkọ̀ ṣe jinlẹ̀ sómi tó lónìí? Ṣé ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa ń tètè dáhùn tí a bá ní kó padà sẹ́yìn? Ṣé nǹkan kan wà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Tọ́ọ̀gì mélòó ló ń dúró dè wá, ẹ̀gbẹ́ wo la ó sì fi so ó mọ́ wọ́ọ̀fù, ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù létí omi? Nígbà náà ni páílọ́ọ̀tì máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọn yóò ṣe yí i àti bí eré yóò ṣe tó, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú á sì máa tún gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ pa dà kí àṣìgbọ́ má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n á ta àsíá kan sókè, ìdajì rẹ̀ funfun, ìdajì pupa, kí gbogbo ẹni tó bá rí i mọ̀ pé páílọ́ọ̀tì wà nínú ọkọ̀ náà.

Ọwọ́ ọ̀gá ọkọ̀ ni àṣẹ ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin. Páílọ́ọ̀tì ń gbà á nímọ̀ràn ni, ọ̀gá ọkọ̀ sì lè dá a dúró bó bá rí i pé ohun tí páílọ́ọ̀tì ń ṣe léwu. Ibi táwọn ènìyàn mọ̀ jù tí òfin ti yàtọ̀ ni Panama Canal, níbi tí páílọ́ọ̀tì ti ń gba ìdarí ọkọ̀ pátápátá. Níbi tó kù, ọ̀gá ọkọ̀ tó gbọ́n kì í bá páílọ́ọ̀tì jà lórí omi tí kò mọ̀. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àmì tó ń léfòó lójú omi pàápàá kò rí bákan náà níbi gbogbo: tí ọkọ̀ bá ń ti òkun bọ̀ wọ Èkó, àmì pupa ni yóò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ọ̀tún, tó bá dé Amẹ́ríkà, ìdàkejì rẹ̀ ni yóò bá. Ẹni tí oorun ń kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la Atlantic kọjá lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Èyí tí ìwé àti máàpù kò lè fúnni ló wá ṣe pàtàkì jù. Àwọn ìyá aláró ní Òṣogbo kì í wo aago kí wọ́n tó mọ̀ pé aró ti jinná. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan omi rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Irú ìmọ̀ báyẹn ni páílọ́ọ̀tì ní nípa omi kan ṣoṣo: ibi tí ìṣàn ti ń yí, wákàtí tí ó ń yí, bí ìdí ọkọ̀ ṣe máa ń fẹ́ sá níbẹ̀, ibi tí iyanrìn tún ti kóra jọ lẹ́yìn òjò tó kọjá. Ẹni tó jẹ́ àgbà páílọ́ọ̀tì ní Calabar yóò di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ padà bí wọ́n bá gbé e lọ sí Bonny.

Nílẹ̀ wa, dandan ni kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ èbúté gba páílọ́ọ̀tì. Nigerian Ports Authority, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955, ló ń pèsè wọn. Nígbà tí ìjọba gbé àwọn ibi ìjẹrù fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2006, iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì àti ìtọ́jú ojú ọ̀nà omi kò sí lára ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ló ṣì wà. Mo rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yẹ kó lè sọ pé "ọkọ̀ yìí kò ní wọlé lónìí" kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń jèrè nínú bí ọkọ̀ ṣe ń yára wọlé.

Omi Èkó àti iyanrìn rẹ̀

Odò Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó ọlọ́wọ̀ wa kọjá kò parí sí Òṣogbo. Ó ń ṣàn lọ sí gúúsù títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí, ibẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń gba inú ọ̀sà Èkó, tó sì ń bọ́ sínú òkun lẹ́nu èbúté gan-an. Odò Ògùn náà ń bọ̀ láti ọ̀nà tirẹ̀. Lásìkò òjò, tí àwọn odò yìí bá kún, tí omi òkun náà sì ń fà padà, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń dù láti gbà jáde. Ìgbì òkun láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì ń bọ̀ wá kò ó lójú. Omi Èkó kì í lọ sókè sódò púpọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà, bíi mítà kan péré ni, ṣùgbọ́n ìṣàn tó ń jáde yẹn kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ ń fojú di.

Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ńlá kò tilẹ̀ lè wọ Èkó rárá. Òkìtì iyanrìn wà lẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ omi, kò sì dúró sójú kan. Ojú irin Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó ń bọ̀ lọ́nà Òṣogbo, síbẹ̀ ẹrù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ wá sí Èkó ṣì ní láti lọ bọ́ sílẹ̀ ní Forcados, ní agbègbè Delta, kí àwọn ọkọ̀ tó kéré tó tún gbé e padà wá. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n fi ń gbé àpótí ẹyọ kan sókè sódò! Ní nǹkan bí 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta tí wọ́n fọ́ lágbègbè Abẹ́òkúta sínú òkun, tí wọ́n fi mọ ògiri gígùn sí apá ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀nà, kí omi tó ń jáde lè kóra jọ kó sì fúnra rẹ̀ máa gbá iyanrìn kúrò. Ó ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ ọkọ̀ ńlá ń wọlé tààrà, Àpápá sì di ohun tó dà.

Àmọ́ òkun kì í gbàgbé. Iyanrìn etíkun wa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Ògiri náà dá a dúró. Ó kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì wọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdí nìyí tí òkun fi jẹ Bar Beach fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí omi fi ń wọ títì Ahmadu Bello ní Victoria Island, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri mìíràn síbẹ̀ nítorí Eko Atlantic. Àti ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń kó iyanrìn kò gbọdọ̀ sinmi. Páílọ́ọ̀tì kan tó gba ibẹ̀ kọjá lóṣù tó kọjá ní láti wo ìwọ̀n tuntun kó tó gbà á lóṣù yìí.

Ohun tí ọkọ̀ ńlá ń ṣe tí ojú kò rí

Apá tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí, torí ẹni tó wà létíkun kò lè rí i láé.

Ọkọ̀ tó bá ń sáré nínú omi tí kò jìn máa ń rì sísàlẹ̀ sí i. Omi tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò ní àyè, ó ní láti yára, bó bá sì ti ń yára ni agbára tó fi ń gbé ọkọ̀ sókè ń dín kù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, rírì náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ epo ńlá tó ń lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 18 ní wákàtí kan nínú ọ̀nà tóóró lè fi mítà kan àtààbọ̀ jinlẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tó dúró. Tó bá dín eré náà kù sí ìdajì, rírì rẹ̀ kò ní ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bẹ́ẹ̀ àyè tó wà láàárín ìdí ọkọ̀ àti ilẹ̀ omi lè máà ju mítà kan lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ń kánjú lè gbé ọkọ̀ tó yẹ kó léfòó gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, láìsí pé omi fà, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹrù kún un.

Kó wá máa lọ jẹ́jẹ́, àbí? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìtọ́kọ̀ kì í ṣiṣẹ́ láìsí omi tó ń sáré kọjá lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá falẹ̀ jù, ẹ yí ìtọ́kọ̀ títí, kò ní gbọ́. Atẹ́gùn á wá gbà á. Ọkọ̀ kọ̀ńténà tó gùn ju 300 mítà lọ, tí wọ́n to ẹrù sí lórí bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí atẹ́gùn fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Páílọ́ọ̀tì a máa fi ẹ́ńjìnì fún un ní agbára fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí omi lè gbá ìtọ́kọ̀, á sì tún pa á kí eré má baà pọ̀. Àárín ewu méjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, eré tó pọ̀ jù àti eré tó kéré jù, ibi tó sì dára láàárín wọn ń yí padà bí ọ̀nà ṣe ń fẹ̀ tó sì ń há.

Etí omi náà ní tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan jù, omi á fa ìdí rẹ̀ mọ́ etí náà, á sì ti iwájú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ á fẹ́ dábùú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ka èyí mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ Ever Given ní Suez Canal ní March 23, 2021, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn líle ń gbé eruku aṣálẹ̀. Páílọ́ọ̀tì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó gùn tó 400 mítà dábùú omi fún ọjọ́ mẹ́fà, ọkọ̀ tó lé ní 400 sì tò sẹ́yìn.

Ẹ wá wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń fi agbára kan náà ṣiṣẹ́. Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ojú ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 160 lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ sì ń lọ, ọkọ̀ sì ń bọ̀. Páílọ́ọ̀tì méjì tó fẹ́ pàdé ara wọn yóò jẹ́ kí ọkọ̀ wọn kọjú síra wọn gangan, láàárín ọ̀nà, bí ẹni fẹ́ forí gbárí. Nígbà tó bá kù díẹ̀, oníkálukú á yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Òkìtì omi tí iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tì níwájú á ti èkejì kúrò. Bí wọ́n bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, etí omi ní ẹ̀gbẹ́ kejì á máa ti iwájú ọkọ̀ padà sáàárín, ìdí ọkọ̀ méjèèjì á sì máa fa ara wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá, títí oníkálukú á fi tún rí ara rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rù tó sì tètè yà, etí omi á gbá a mú, á sì jù ú sọ́nà ẹnì kejì. Ìgboyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ni, èyí tí wọ́n ti ṣe títí ó fi wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá dé wọ́ọ̀fù, tí tọ́ọ̀gì ń fà tí tọ́ọ̀gì ń tì, ohun tí páílọ́ọ̀tì ń wá ni kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù yẹn fara kan rọ́bà ara wọ́ọ̀fù láìju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá yára díẹ̀ sí i, kọnkéré á fọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì máa ń gbé ìdí rẹ̀ sá sí òsì nígbà tí wọ́n bá ní kó padà sẹ́yìn, nítorí bí abẹ̀bẹ̀ tó ń tì í ṣe ń yí. Páílọ́ọ̀tì á ti ka ìyẹn mọ́ ọn kó tó dé ibẹ̀, á sì fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Wọ́n máa ń ṣi iṣẹ́ ṣe náà. Ní November 2007, nínú kùrukùru tó bo San Francisco, ọkọ̀ Cosco Busan kan ìdí òpó afárá, nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 53,000 epo sì dà sómi. Ìwádìí fi hàn pé oògùn tí páílọ́ọ̀tì ń lò ti dín ìrònú rẹ̀ kù, ọ̀gá ọkọ̀ náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ. Páílọ́ọ̀tì náà ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́wàá. Ó dá mi lójú pé ó tọ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáhùn fún ohun tó ṣe. Èyí tí kò tọ́ ni ká máa wo gbogbo ìjàm̀bá bí ẹni pé irú èyí ni.

Àkàsọ̀ okùn

Ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀rọ tó ń rí ìjì láti ọ̀nà jíjìn, ó ní sátẹ́láìtì. Páílọ́ọ̀tì tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ ṣì ń gun àkàsọ̀ okùn, bíi ti àtijọ́. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń pa wọ́n jù.

Ọkọ̀ ńlá á yí ẹ̀gbẹ́ kan sí atẹ́gùn kí omi lè rọlẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ kékeré á sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ṣì ń rìn. Ìgbì ń gbé ọkọ̀ kékeré sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Páílọ́ọ̀tì á dúró létí rẹ̀, á máa wo omi. Ìgbà tí ìgbì bá gbé e dé òkè pátápátá ló gbọdọ̀ di okùn mú kó sì gòkè lójú ẹsẹ̀, láìdúró, torí bí ìgbì tó tẹ̀ lé e bá gbé ọkọ̀ kékeré sókè bá a níbẹ̀, àárín irin méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wà. Lóru, nínú òjò, bákan náà ni.

Òfin àgbáyé ti là á sílẹ̀ bí àkàsọ̀ náà ṣe gbọdọ̀ rí. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Àwọn pákó gígùn kan, tí kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.8 lọ, ń dábùú rẹ̀ kí ó má baà yí mọ́ ènìyàn. Gígùn tí ènìyàn máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn kò gbọdọ̀ ju mítà mẹ́sàn-án lọ. Bí ọkọ̀ bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ so àtẹ̀gùn onírin mọ́ ọn. Òróró kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ kùn ún lọ́dà tó ń bo ibi tó ti là. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Síbẹ̀ nínú àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ àwọn páílọ́ọ̀tì lágbàáyé máa ń ṣe, lọ́dọọdún ni ó máa ń ju ọkọ̀ kan nínú mẹ́wàá lọ tí àkàsọ̀ rẹ̀ kò bá òfin mu. Ní èbúté New York, láàárín December 2019 sí August 2020, páílọ́ọ̀tì méjì já bọ́ láti ara ọkọ̀, wọ́n sì kú. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n. Ní 2025, àjọ IMO tó ń ṣòfin ojú omi fọwọ́ sí òfin tó le sí i lórí àkàsọ̀ yìí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2028.

Ọkọ̀ ń tóbi sí i

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà lórí tábìlì nílẹ̀ wa lónìí ni èbúté Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní January 2023. Àpápá jinlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 13 àtààbọ̀, Lẹ́kí jinlẹ̀ tó 16.5. Ọkọ̀ tí kò lè fojú kan Àpápá rí lè gúnlẹ̀ sí Lẹ́kí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé ìfọpo Dangote wà, tí ọkọ̀ epo rọ̀bì ń so mọ́ bọ́ì, ohun ńlá kan tó ń léfòó, lójú òkun gbalasa láti já epo sínú páìpù. Ìyẹn náà ń fẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, níbi tí kò sí ògiri kankan tó ń gba ìgbì dúró.

Inú mi dùn sí Lẹ́kí. Ẹrù tó ń gba Cotonou wọlé sí wa nítorí ìdíwọ́ Àpápá kì í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gé rìbọ́ọ̀nù, iye kọ̀ńténà tí ọkọ̀ gbé ni wọ́n ń kà sí wa létí. Ó yẹ ká máa béèrè àwọn nǹkan mìíràn. Tọ́ọ̀gì mélòó ló wà, ṣé agbára wọn tó fún ọkọ̀ tó tóbi tó yìí? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ìjìnlẹ̀ ọ̀nà kẹ́yìn? Páílọ́ọ̀tì mélòó ló wà lórí iṣẹ́, wákàtí mélòó sì ni wọ́n ń sùn láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn? Ní Baltimore, tọ́ọ̀gì méjì tó fa Dali kúrò ní wọ́ọ̀fù ti tú okùn wọn, wọ́n ti padà, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà náà. Bí wọ́n bá sì wà níbẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè búra, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò Èkó ti máa bi ara wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà máa ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ náà láìpẹ́. Páílọ́ọ̀tì ti ń gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ wọ inú ọkọ̀ báyìí, èyí tó ń fi hàn án bí ọkọ̀ ṣe ń yí àti bí ìdí rẹ̀ ṣe ń sá, ó sì wúlò gan-an. Finland ti ṣòfin tó gba kí wọ́n dán an wò bóyá páílọ́ọ̀tì lè darí ọkọ̀ láti orí ilẹ̀. Mo gbà pé yóò ṣeé ṣe níbi tí omi bá ti pa rọ́rọ́, tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í já. Èmi kò fẹ́ wà lórí afárá lọ́jọ́ tí iná bá kú nínú ọkọ̀ tí ẹni tó ń darí rẹ̀ sì jókòó sí ọ́fíìsì.

Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìgbọ̀nà bi mí lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún un: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọkùnrin mọ ìṣirò, kò sì bẹ̀rù omi. Ṣé ó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àwa tá ò mọ ẹnikẹ́ni ní Èkó?" Mo ní, "Ó lè ṣe é, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ gùn. Obìnrin náà ń ṣe é, ẹ má yọ àwọn ìbejì sílẹ̀."

Ìṣirò àti físíìsì ni ìpìlẹ̀. Ojú gbọ́dọ̀ lè mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Wọ́n máa ń yẹ ìyẹn wò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò lè dá iná méjèèjì mọ̀ lóru kò lè débẹ̀. Maritime Academy tó wà ní Oron, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń há ni lẹ́yìn ìwé: wọ́n gbọ́dọ̀ fi oṣù tó pọ̀ ṣiṣẹ́ lójú òkun kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn kò sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ń jókòó sílé pẹ̀lú ìwé tí kò tíì pé. Bí ìjọba bá fẹ́ páílọ́ọ̀tì ọmọ ilẹ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wá àyè fún wọn nínú ọkọ̀.

Ẹni tó bá la ìyẹn já, tó gòkè dé ipò ọ̀gá nínú ọkọ̀, lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì. Yóò máa tẹ̀ lé àgbà páílọ́ọ̀tì wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án àti lóru, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, kò ní sọ̀rọ̀, yóò máa wò. Lẹ́yìn náà àgbà á jẹ́ kó máa pàṣẹ, òun á dúró tì í. Wọ́n á fún un ní ọkọ̀ kékeré láti máa dá mú wọlé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìdánwò mìíràn, èyí tó tún tóbi ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún á kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé pé òun nìkan lè gba ọkọ̀ tó tóbi jù lọ tó ń wọ èbúté náà.

Ìyá Ìbejì ní òun ti gbọ́, pé kí n kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn sínú ìwé fún òun.